Ọ̀dà Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Adájọ́ ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe pé mo kàwé òfin. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúkọ yẹn mọ́ mi lára nítorí pé láti kékeré, n kì í lè rí ìrẹ́jẹ kí n pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá pín búrẹ́dì sí méjì tí apá kan tóbi ju èkejì lọ, èmi ni n óò sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá já ìlà lọ síwájú, bó ti wù kó dàgbà tó, èmi ni n óò fà á padà sẹ́yìn.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, Adájọ́ ló ṣe é, ó sì gbé e pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́tàlá.

Orí alùpùpù bàbá mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Apínlẹ́tà ni bàbá mi nígbà tí agbára ṣì wà. Alùpùpù kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kànlélógún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó máa mú un lọ sílé. Ó tú u palẹ̀ kó lè tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi ṣubú lójijì, tí kò dìde mọ́. Bàbá mi kó gbogbo irin náà sínú àpótí mẹ́rin, ó tì wọ́n sí abẹ́ àtẹ̀gùn, kò sì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Ọdún tó kọjá ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń pa wọ àárín, bí ẹni tó ń wo ayé láti inú páìpù, tí páìpù náà sì ń tín-ín-rín sí i lóṣooṣù. Dókítà ní oògùn lè dá a lẹ́sẹ̀ dúró díẹ̀, kò lè dá a padà.

Mo bi bàbá mi pé kí ló wù ú láti rí. Mo rò pé yóò ní kí n mú òun lọ wo òkun.

Ó ní, "Alùpùpù mi. Kí n rí i kó kọjá níwájú ilé yìí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn tó mi."

Bí mo ṣe ru àpótí mẹ́rin lọ bá Ẹgbẹ́ Dípẹtà nìyẹn.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olólùfẹ́ alùpùpù àtijọ́ ni wọ́n, àwọn tó ń jí òkú irin dìde. Wẹ́dà ni olórí wọn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò lẹ́yìn iṣẹ́. Télọ̀ ló ń rán àga ìjókòó, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni mẹkáníìkì àtijọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Pẹ̀lẹ́, nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn mẹ́ta láìfi "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" sí ọ̀kan.

Télọ̀ ṣí àpótí àkọ́kọ́, ó wo inú rẹ̀. "Eyín rẹ̀ nìyí. Ibo lẹ sin ìyókù sí?"

Bàbá Pẹ̀lẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú irin kan, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà níbí. Ẹni tó tú u palẹ̀ mọ nǹkan."

Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún bàbá mi. Inú rẹ̀ dùn sí i fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ fi rẹ ẹ́ńjìnnì náà sínú epo kó tó mira. Wẹ́dà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bo gbogbo ihò tí ìpẹtà jẹ sára táǹkì, ó kùn ún ní pupa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan tí n kò rí rí láyé mi fi ohun tó ń fa epo sínú ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ láti ìlú mìíràn, ó kọ ọ́ sára páálí pé, "Ẹ kí alùpùpù bàbá yín fún mi." Kò sí ẹni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi nínú wọn.

Èmi náà fún wọn ní nǹkan kan. Mo fún wọn ní òfin.

Ní oṣù kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣéènì alùpùpù ẹnìkan fò yọ lójú ọ̀nà. Ẹni tó di nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń búra pé òun dì í. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn, mo dìde. Mo ní, "Kí ẹni tó bá di nọ́ọ̀tì má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i. Kí ẹlòmíràn wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò, kó sì fi àmì sí i."

A pè é ní Ojú Kejì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba agolo ọ̀dà kékeré kan. Tèmi funfun, ti Wẹ́dà pupa, ti Télọ̀ búlúù, ti Bàbá Pẹ̀lẹ́ yẹ́lò. Bí o bá ti yẹ nọ́ọ̀tì ẹnìkejì rẹ wò, wàá fa ìlà tín-ín-rín láti orí rẹ̀ dé ara irin abẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí bó ti wù kó kéré mọ, ìlà náà yóò gé. Mo kọ ọ́ sójú pátákó fúnra mi: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan agolo ẹlòmíràn.

Télọ̀ ní, "Adájọ́ ti dé. Láìpẹ́ a ó máa gba ìwé àṣẹ ká tó sín."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí alùpùpù yóò jáde, mo mú bàbá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́ lábẹ́ iná, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń wò ó. Ó fọwọ́ tọ́ táǹkì, ó fọwọ́ tọ́ àga. Nígbà tó dé iwájú, ó fa ọwọ́ padà.

"Kí ló gún mi yìí?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ wí. "Pínnì bíréèkì ni. Wẹ́dà ló di nọ́ọ̀tì rẹ̀, èmi ni Ojú Kejì. N kò tíì tẹ ẹsẹ̀ pínnì dáadáa."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bóòtù kan wà tó di apá bíréèkì iwájú mú. Orí bóòtù náà ní ihò tín-ín-rín, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ti pínnì onẹ́sẹ̀ méjì gbà, tí wọ́n ó wá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí nọ́ọ̀tì má baà tú bó ti wù kí ọ̀nà gbọ̀n ọ́n tó. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá tú, bíréèkì yóò yí, yóò sì há táyà iwájú pinpin.

Bàbá Pẹ̀lẹ́ tẹ ẹsẹ̀ pínnì náà, ó fa ìlà yẹ́lò rẹ̀. Bàbá mi ń fa ìka tí pínnì gún mu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti mọ̀ pé èmi ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bù mí jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Ní Sọ́ńdè, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ láti nu alùpùpù náà. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà la dá pé yóò jáde. A kò ṣèèṣì mú un: nígbà tí oòrùn bá wà lókè gan-an nìkan ni bàbá mi ṣì ń rí àwọ̀. Tó bá ti di aago mẹ́rin, òjìji ni gbogbo nǹkan lójú rẹ̀. Láàárọ̀ yẹn kan náà, lójú mi ni bàbá mi da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, tó ń rọra da á lọ, tó rò pé ife ni.

Mo yí táyà iwájú. Mo gbọ́ ṣìì, ṣìì. Ó ń ha mọ́gáàdì.

Mo mọ̀ pé etí bàbá mi yóò gbọ́ ọ. Mo tú táyà náà láti tún un tò, kí ó sì tó lè tú, mo ní láti yọ pínnì yẹn. Bí mo ṣe fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán sí mi lọ́wọ́.

Bàbá Pẹ̀lẹ́ máa ń sọ pé pínnì dà bí eyín ọmọdé: tó bá ti yọ, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ wá òmíràn. Mo tún táyà tò. Mo da agolo pínnì sílẹ̀, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló sanra ju ihò náà lọ. Sọ́ńdè ni, kò sí ìsọ̀ tó ṣí.

Mo pe Bàbá Pẹ̀lẹ́ lórí fóònù.

"Ilé ìwòsàn ni mo wà, ọmọ mi. Wọ́n dá ìyàwó mi dúró láti àná. Dúró dè mí, aago mẹ́ta, ó pẹ́ tán aago mẹ́rin. Àbí nǹkan kan ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, sà," mo wí. "Mo kàn fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ máa dé."

Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó.

Mo dúró níwájú alùpùpù náà. Ìlà yẹ́lò ti gé sí méjì, ìdajì wà lára irin, ìdajì wà lára nọ́ọ̀tì. Mo mú sípánà, mo fi gbogbo ara dì í. Mo ní nínú ọkàn mi, láti ibí dé ilé wa kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Nọ́ọ̀tì wo ni yóò tú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà? Tí wọ́n bá ti kọjá tán, n óò tú u, n óò fi pínnì tuntun sí i, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ṣùgbọ́n Wẹ́dà kì í jẹ́ kí alùpùpù kankan jáde láìwo àwọn ìlà. Tó bá rí èyí tó gé, yóò ní ká dúró.

Agolo yẹ́lò wà lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Mo ronú kan tèmi. Mo lè fi funfun kùn ún, kí n ní èmi ni mo wò ó. Ṣùgbọ́n òfin ò gbà mí láyè láti jẹ́rìí sí ohun tí mo dì fúnra mi. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú orí tí mo ní: mo ń bẹ̀rù àtirú òfin ní gbangba, nítorí náà mo lọ jí àmì ẹlòmíràn lò.

Mo ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ ọ̀dà. Mo fa ìlà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó lè bo ibi tó gé. Ọ̀dà ṣàn díẹ̀ wọ ihò pínnì. N kò kà á sí.

Ní aago méjì ku díẹ̀, Wẹ́dà yí alùpùpù náà ká, ó ń fi ìka ka àwọn ìlà. Ó tẹ̀ ba níwájú, ó wò ó, ó dìde. "Yẹ́lò. Tí Bàbá Pẹ̀lẹ́ bá ti wo nǹkan, ìyá mi pàápàá lè gùn ún."

A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Télọ̀ ni yóò gùn ún, nítorí pé mo fẹ́ jókòó ti bàbá mi kí n lè máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń wò ó. Télọ̀ wọ akoto, ó fọwọ́ gbá àga tó rán. "Bí mo bá ṣubú, ẹ sin mí mọ́ àga mi. Òun nìkan ni nǹkan gidi tó wà lára irin yìí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó jókòó sórí àga níwájú ilé, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ti gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ.

"Òun nìyẹn," ó wí. "Mo mọ ikọ́ rẹ̀."

Télọ̀ yọ ní igun ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ kan sókè bí ọba. Bàbá mi gbé ojú síwájú, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀ kí ó lè rí i láti inú páìpù ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ tèmi.

"Ó pupa," ó wí. "Mo rí i. Ọmọ mi, mo rí i."

Télọ̀ fa bíréèkì kí ó lè rọra kọjá níwájú wa. Mo gbọ́ kàá. Táyà iwájú há. Ìdí alùpùpù gbéra sókè, Télọ̀ fò kọjá lórí rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kí ó fi gba ilẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ojú bàbá mi pa dé pátápátá. Kò rí nǹkan mìíràn tó yé e ju ìyẹn lọ. Èyí tí mo gbé fún un láti fi dágbére fún ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ nìyẹn.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Télọ̀ fọ́ sí mẹ́ta. Ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ, tó fi ń di abẹ́rẹ́ mú.

Ilé ìwòsàn tí ìyàwó Bàbá Pẹ̀lẹ́ wà náà ni wọ́n gbé e lọ. Bàbá Pẹ̀lẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá bá wa níbi tí a dúró sí. Wẹ́dà na bóòtù náà sí i. Kò sí nọ́ọ̀tì lórí rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ fi pínnì sí i?"

"Mo fi sí i. Ní Ọjọ́bọ̀."

"Ó dá yín lójú? Ìlà yín wà lára rẹ̀. N kò rí àmì pínnì kankan."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó wò wọ́n títí, bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ àjèjì lé lápá.

"Mo rò pé mo fi sí i," ó wí.

Mo dúró ní ibi tí mo lè nawọ́ kàn án.

Wẹ́dà mí kanlẹ̀. "Bàbá, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kì í ṣe eré."

"Ẹ má bínú," ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ wí. "Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agolo yẹ́lò rẹ̀ lọ fún Wẹ́dà. Ó ní kí ó bá òun jù ú nù. Wẹ́dà kò lè jù ú nù, ó fi aṣọ bò ó.

Mo lọ kí Télọ̀ pẹ̀lú ọsàn nínú àpò. Aṣọ tí kò tíì rán kún orí tábìlì rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Omijé bọ́ lójú mi.

"Má sunkún, Adájọ́," Télọ̀ wí. "Ìwọ kọ́ lo ṣe é. N kò tilẹ̀ lè bínú sí Bàbá. Àgbà ló dé bá a. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi nìyí, wò ó."

Mo jókòó bó ọsàn fún un, mo fún un sínú ife. Ó mu ún.

Nínú kíláàsì, mo rí ọmọ kan tó ń wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀. Mo gbójú kúrò.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìjàǹbá náà, mo dé láti iléèwé, mo bá bàbá mi lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti alùpùpù náà sí. Ó ń fọwọ́ nu ún. Ó ti rí bóòtù yẹn nínú àpò irinṣẹ́ tí Wẹ́dà sọ ọ́ sí. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Ọmọ mi, wá. Bóòtù bíréèkì nìyí, àbí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ihò orí rẹ̀ yìí ni pínnì ń gbà?"

"Òun ni."

Ó fi abẹ́rẹ́ gún ihò náà. Abẹ́rẹ́ kò wọlé. Ó fi èékánná họ ọ́, ó fi ohun tó họ jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Yẹ́lò ni.

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀dà ni, Bàbá."

"Bí pínnì bá wà nínú ihò nígbà tí wọ́n ń kùn ún, ibo ni ọ̀dà ó gbà wọlé?"

Mo gba bóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo ihò náà.

"Pínnì gún mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ nígbà tí Bàbá Pẹ̀lẹ́ ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ẹnìkan yọ ọ́, ẹnìkan sì kùn ún lẹ́yìn náà." Ó yí ojú tí kò ríran mọ́ sí mi, ó sún mọ́ ibi tí mo wà gan-an. "Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Sọ́ńdè?"

"Bàbá, nítorí yín ni."

"Má fi mí bo ara rẹ. Mo ní mo fẹ́ rí alùpùpù mi. N kò ní kí o fi ọwọ́ Télọ̀ rà á fún mi."

Mo kúnlẹ̀. Ó gba bóòtù náà lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ ìnujú dì í.

"Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Mo fún ẹ dìgbà náà. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde, kì í ṣe tèmi."

Ní Jímọ̀, mo lọ sí ilé Bàbá Pẹ̀lẹ́ láti jẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kúrò nílé ìwòsàn, òun ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà kún fún ìlà ṣọ́ọ̀kì, ìlà lórí ìlà, láti ibi kọ́kọ́rọ́ títí dé ìsàlẹ̀.

Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tó bá ti ti ilẹ̀kùn, á fa ìlà kan kó lè mọ̀ pé òun tì í. Á tún padà wá wò ó. Lánàá ó ka orúkọ àwọn ọmọ wa sókè fún mi. Kì í ṣe pé ó gbàgbé o. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì mọ̀ wọ́n."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ ti inú yàrá jáde, inú rẹ̀ dùn láti rí mi. "Jókòó, ọmọ mi. Ojú rẹ ti rù."

Mo jókòó. Mo ní, "Sà, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Èmi náà ní ọ̀kan," ó wí. "Bí wọ́n bá ní kí n búra, n óò búra pé mo rántí pínnì yẹn. Mo rántí bó ṣe gún bàbá rẹ. Mo rántí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe le lábẹ́ púláyà. Ó hàn sí mi kedere. Ṣé ọkàn èèyàn lè máa purọ́ fún un báyìí, kí irọ́ náà sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, ó sì wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí bí yóò ṣe wò mí bí mo bá sọ ọ́. Mo ní, "N kò mọ̀, sà." Mo dìde, mo dágbére.

Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ṣọ́ọ̀kì lára igi.

Sátidé dé. Gbogbo Ẹgbẹ́ Dípẹtà pé sí ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ jókòó pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi simẹ́ńtì ilé ìwòsàn dì. Bàbá Pẹ̀lẹ́ jókòó sẹ́yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà, bí àlejò.

Wẹ́dà ní, "Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe òfin. Ẹni tó bá ti ju àádọ́rin ọdún lọ, kó máa bá wa jókòó, kó máa gbà wá nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kó má ṣe Ojú Kejì mọ́. Adájọ́, ìwọ lo mọ òfin kọ. Bá wa kọ ọ́."

Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbà á. Mo lọ síwájú pátákó, níbi tí òfin àkọ́kọ́ wà ní ìwé ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé lẹ́yìn ìpàdé ni n óò sọ ọ́, níkọ̀kọ̀. Mo kọ ọ́ dé "kò gbọdọ̀" nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá bàbá mi lórí ilẹ̀.

Ará ilé kejì ló mú un wá. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé orí sókè.

"Mo gbọ́ ṣọ́ọ̀kì. Ta ló ń kọ̀wé?"

"Adájọ́ ni, sà," ni Wẹ́dà wí. "Òfin tuntun ni."

"Kà á fún mi, ọmọ mi."

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo kà á. "Ẹnikẹ́ni tó bá ti ju ọmọ àádọ́rin ọdún lọ kò gbọdọ̀..."

"Kò gbọdọ̀ kí ni?"

Bàbá mi dúró díẹ̀. Ó fún mi láyè. Mo mọ̀ pé ó ń fún mi láyè, síbẹ̀ ẹnu mi kò ṣí. Ó wá tú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó bi wọ́n pé níbo ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ jókòó sí. Wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ó fi bóòtù náà sí i lọ́wọ́.

"Ẹ fi èékánná kan ihò orí rẹ̀."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ fi kàn án. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ọ̀dà wà nínú ihò," ó wí. "N kì í kùn bí pínnì ò bá tíì sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kì í..." Ó gbé ojú sókè, ó wo agolo yẹ́lò tí aṣọ bò lórí pẹpẹ, ó wo ìwé ọwọ́ mi lórí pátákó. Mo rí i bí ó ṣe ń tò ó pọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ó ṣe máa ń to ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò bínú. Èmi ló wò, ó sì ń bẹ̀ mí.

"Nígbà náà, kì í ṣe pé mo gbàgbé?"

"Ẹ kò gbàgbé, sà," mo wí. "Ẹ fi sí i. Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi ni mo fi ọ̀dà yín kùn ún."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Wẹ́dà jókòó sórí irin, ó ń wo ilẹ̀. Télọ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ̀ ọ́n sí tirẹ̀.

"O bó ọsàn fún mi," ó wí. "O jókòó sí ilé mi, o bó ọsàn fún mi, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Wọn kò lé mi. Wẹ́dà pa ohun tí mo kọ rẹ́, ó gbé agolo funfun kúrò lórí pẹpẹ. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí Adájọ́ padà ṣe Ojú Kejì fún òun, kó sọ ọ́." Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo ti ka oṣù mẹ́rin báyìí, kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́.

Lójoojúmọ́ tí iléèwé bá ti parí, ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ni mò ń lọ. Ó ń fọwọ́ òsì tọ́ka, èmi ń gé aṣọ. Wọ́n ti tú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lè yí i dé ibi tí abẹ́rẹ́ fẹ́. Ìwọ̀n aṣọ nìkan ló ń bá mi sọ. Kò dá mi lápàárá mọ́. N kò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò yẹ̀yẹ́ tó báyìí.

Bàbá mi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ tí mo sè. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní mo ti ti géètì, ó máa ń dìde lọ fọwọ́ kàn án.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ òdodo lé ẹnu pẹ́ jù. Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé ẹni tó bá ń rí ìrẹ́jẹ ẹlòmíràn kíákíá kò lè ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbóná bíi tèmi, tí ẹ kì í gbà fún ẹni tó bá já ìlà, ẹ wo ọwọ́ ara yín kí ẹ tó wo ti ẹnikẹ́ni. Kí ẹ má sì rò pé ìjẹ́wọ́ ń dá gbogbo nǹkan padà sí ipò rẹ̀. Ó dá orúkọ Bàbá Pẹ̀lẹ́ padà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó gba agolo rẹ̀, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ó ń fa ìlà tán, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà wá wò ó.

Mo kọjá nílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń jáde lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó rí mi.

"Ọmọ mi, ìwọ ń wò mí. Ṣé mo tì í?"

"Ẹ tì í, sà. Mo rí yín."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó padà lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ dì í mú, ó sì mì ín lẹ́ẹ̀mejì.